Kí ni ilé ìfọ omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sódò wa?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta, nítorí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ẹni tó ń pọnmi, tó ń pẹja, tó sì ń ra ẹ̀fọ́ jẹ ni.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ilé ìfọ omi ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, yálà ti ìjọba ni o, tàbí ti àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tà, àwòrán táǹkì tuntun ni ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde, wọ́n á sì sọ iye owó tí wọ́n ná sí i. Kò sí ẹni tó ń padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì láti lọ wo omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù ìkẹyìn, èyí tó ń lọ sódò. Bẹ́ẹ̀, ẹnu páìpù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ìfọ omi tí wọ́n kọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ń ba odò jẹ́ ju bí ì bá ti rí ká ní wọn kò kọ́ ọ rárá lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní táǹkì àti sọ́kàwéè tirẹ̀, ìdọ̀tí pín káàkiri, ilẹ̀ sì ń bá wa sẹ́ lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kànga ló ń jìyà níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá sún mọ́ òkè bíi ti Èkó. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá ti kó ìgbọ̀nsẹ̀ ẹgbẹ̀rún méjì ilé jọ, ojú kan ṣoṣo ló máa dà á sí, odò kan ṣoṣo ló sì máa gbà á. Bí ẹ̀rọ tó wà láàrin páìpù àti odò bá dákẹ́, kò sí ilẹ̀ tó máa bá wa sẹ́ ẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Ká ní 10,000 ènìyàn ló ń gbé ẹ́sítéètì kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo lítà omi 120 lójúmọ́ fún ìwẹ̀, ìfọṣọ, ìfọbọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lítà 1,200,000 ni yóò máa gba inú páìpù kọjá lójoojúmọ́, ìyẹn bíi lítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ omi fi ń mọ bí ìdọ̀tí ṣe lágbára tó ni BOD: iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí máa lò tán láàrin ọjọ́ 5 bí wọ́n bá ń jẹ ìdọ̀tí inú lítà omi kan. Ènìyàn kan ń fi bíi gíráàmù 45 BOD kún omi lójúmọ́. Tí a bá pín in fún lítà 120 rẹ̀, ó di mílígíráàmù 375 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Odò tó mọ́ kì í ju 2 tàbí 3 lọ.

Ní ilẹ̀ wa, níbi tí omi odò ti ń móoru tó 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo ọ́síjìn tí lítà omi kan lè gbà mọ́ra kò ju mílígíráàmù 7.8 lọ. Omi tútù ilẹ̀ òyìnbó tó wà ní 10 ń gbà ju 11 lọ. Nítorí náà ohun tó wà lápò odò wa kò tó ti odò tiwọn, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú kí àwọn kòkòrò náà ná an kíákíá. Ọ̀pọ̀ ẹja ń fẹ́ kí ọ́síjìn tó 5. Tó bá fi lè já wálẹ̀ sí 2, wọ́n á máa gbẹ́nu sójú omi láti mí, lẹ́yìn náà wọ́n á kú. Ẹja àrọ̀ lè fara dà á nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Bí ẹ̀yin apẹja bá rí i pé àrọ̀ nìkan ló ń wọ àwọ̀n níbi tí oríṣìíríṣìí ẹja ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọ́síjìn ló ń tán nínú omi yẹn.

Wàyí o, ká ní odò tí páìpù wa ń dà sí ń ṣàn ní lítà 56 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí BOD tirẹ̀ sì jẹ́ 2. Tí wọ́n bá da omi ìgbọ̀nsẹ̀ sí i láìfọ̀, àdàlù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 77. Odò tó ní ọ́síjìn 7.8 ni wọ́n ní kó san gbèsè 77. Kò lè san án. Á dúdú, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá fọ omi náà títí BOD rẹ̀ fi já sí 20 kí wọ́n tó dà á, àdàlù á jẹ́ bíi 5.6. Tí omi odò bá sì pọ̀ tó ìlọ́po 8 èyí tó ń wọnú rẹ̀, ìyẹn lítà 112 sí 14, á já sí 4, odò á sì lè gbé e.

Ibi tí òṣùwọ̀n 20 tí a ń gbọ́ káàkiri ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn lórí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ ní 1912: kí BOD má ju 20, kí èérí tí kò yòrò má ju 30, kí omi odò tó mọ́ sì pọ̀ tó ìlọ́po 8. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló di 20 àti 30 mú, tí wọ́n fi 8 sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló kàn wá jù. Tí oṣù kejì ọdún bá dé, ọ̀pọ̀ odò kékeré nílẹ̀ Yorùbá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn mọ́. Lásìkò yẹn, omi tó ń jáde láti ilé ìfọ omi gan-an ni odò. Bí ó bá jẹ́ 20, 20 ni odò. Bí ó bá jẹ́ 200, 200 ni odò. Ẹni tó bá lọ wọn odò ní oṣù kẹsàn-án nígbà tó kún dẹ́nu, tó wá fi ìyẹn gbàṣẹ láti kọ́lé, ó ti tan ìlú jẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ní Èkó ni èyí tí Edward Ardern àti William Lockett fi hàn ní Manchester ní 1914. Omi á kọ́kọ́ gba asẹ́ irin kọjá, kí ọ̀rá, páàdì, páńpà àti àkísà lè dúró síbẹ̀. Á gba ojú ọ̀nà tóóró kan, níbi tí yanrìn á ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà á wọ táǹkì afẹ́fẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá gba inú ihò wínníwínní. Inú táǹkì yìí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí wà, wọ́n dì mọ́ra bí ẹ̀wù òwú aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí, wọ́n ń bí sí i. Láti ibẹ̀, omi á kọjá sínú táǹkì ìtòrò. Níbẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́, gbogbo nǹkan á rọlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á wà nísàlẹ̀, omi tó tòrò á ṣàn lójú ògiri lọ sódò. Pọ́ǹpù á dá púpọ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà padà sínú táǹkì afẹ́fẹ́ kí iṣẹ́ lè máa lọ, wọ́n á sì kó ìyókù jáde.

Kò sí idán kankan níbẹ̀. Kòkòrò ni, afẹ́fẹ́ ni, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń kó jáde sì ni. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ti ń kùnà.

Ti afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ìgbọ̀nsẹ̀ 10,000 ènìyàn ń fẹ́ bíi kìlógíráàmù 450 ọ́síjìn lójúmọ́ láti pa BOD rẹ̀. Tí a bá tún fẹ́ pa amóníà tó wà nínú ìtọ̀, ó lé díẹ̀ ní 350 sí i, nítorí gíráàmù kan náítírójìn inú amóníà ń jẹ gíráàmù ọ́síjìn 4.57. Àròpọ̀ rẹ̀ á tó 800. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ kì í fi ju kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ sínú omi fún kílówáàtì iná kan ní wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí bíi 600 kílówáàtì-wákàtí lójúmọ́ fún afẹ́fẹ́ nìkan, láìka pọ́ǹpù. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e, dísù tó tó lítà 180 ni yóò máa jó lójoojúmọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ́sítéètì yín bóyá owó dísù yẹn wà nínú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń lọ sódò.

Nígbà tí iná bá lọ, ọ́síjìn inú táǹkì, tí kì í sábà ju 2 lọ, kì í pẹ́ ìṣẹ́jú 10 kó tó tán. Ní wákàtí mélòó kan, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á rọ̀ bo ojú àwọn ihò wínníwínní, á dí wọn pa. Tí iná bá padà dé, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á máa fipá tì, á gbóná, á sì kú fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń pa amóníà ló burú jù nínú rẹ̀: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bí sí i, bí wọ́n bá kú tán, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó padà pọ̀ tó bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà, iná tó lọ fún ọjọ́ 3 kì í ṣe ìyà ọjọ́ 3 fún odò. Odò lè fi oṣù kan san án.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún ibi tí iná kò ti tó, kò sì gbówó lérí bí wọ́n ṣe ń rò. Ẹ má ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan. Ẹ ra kékeré mẹ́ta, kí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé ọ̀kan. Ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ fún wákàtí 12 léraléra kí ẹ wá pa á fún 12. Ẹ fẹ́ ẹ fún wákàtí kan, ẹ pa á fún wákàtí kan, tọ̀sán-tòru. Iye dísù yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò náà kò ní kú, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ráyè dì mọ́lẹ̀, apá kan nínú náítírójìn á sì bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Kí ìgbà tí ó wà ní pípa má ṣe ju wákàtí méjì lọ.

Ti gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló kàn, òun ni kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Kòkòrò tó bá jẹun á sanra, á sì bímọ. Láti ara kìlógíráàmù 450 BOD, bíi 225 gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló ń yọ lójúmọ́. Nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, lítà 22,000 ni láti fà jáde lójoojúmọ́. Kò ní ibòmíràn tó lè lọ: bí ènìyàn kò bá kó o jáde, òjò á kó o. Táǹkì á máa kún, omi á ṣì dàbí èyí tó tòrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gá ibẹ̀ á máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á gbéra láti ìsàlẹ̀ táǹkì ìtòrò, á ṣàn bí ẹ̀kọ lójú ògiri lọ sódò. Iṣẹ́ oṣù kan ti bàjẹ́ ní wákàtí mẹ́ta.

Ìdánwò tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ burúkú yìí kò ná wọn ní nǹkan kan. Kí wọ́n bu lítà kan láti inú táǹkì afẹ́fẹ́ sínú ìgò gbọọrọ tó ní àmì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá rọlẹ̀ sí bíi mílílítà 200 sí 300, tí omi orí rẹ̀ mọ́, ó dára. Bí ó bá ṣì wà ní 700, á ṣàn jáde lọ́jọ́ òjò. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó jọ ti ṣokoléètì, òórùn rẹ̀ sì yẹ kó jọ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èyí tó bá dúdú tó ń rùn ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ilé ìfọ omi tí kò bá ní ìwé yẹn láti fi hàn, kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Èyí tí wọ́n bá kó jáde yẹ kó lọ sórí ibùsùn yanrìn: òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, yanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lórí rẹ̀, páìpù oníhò lábẹ́. Wọ́n á da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sí i kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, omi á jò lọ, oòrùn á gbẹ ìyókù. Lẹ́ẹ̀rùn, á tó fi ṣọ́bìrì kó láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Lójò, kò ní gbẹ bí kò bá sí òrùlé lórí rẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ibùsùn yanrìn fi di igbó. Òrùlé páànù tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ti tó. Omi tó ń jò lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìfọ omi. Gọ́tà kọ́ ló yẹ kó gbà á.

Ọ̀ràn míì tún wà tó jẹ́ ti Èkó gan-an. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kò lè dá ṣàn dé ilé ìfọ omi. Pọ́ǹpù ló ń gbé e láti kòtò dé kòtò. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, ìgbọ̀nsẹ̀ á yọ lójú mánhóòlù, á wọ gọ́tà, gọ́tà á gbé e dé kánàà, kánàà á gbé e dé ọ̀sà. Ilé ìfọ omi tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò tilẹ̀ ní rí i. Ẹ lè lọ yẹ omi tó ń jáde níbẹ̀ wò kí ẹ bá a pé ó mọ́, nígbà tí ìdajì ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Lójò ẹ̀wẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ń wọnú páìpù tó ti sán, àwọn onílé sì ń so gọ́tà òrùlé wọn mọ́ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ kí àgbàlá wọn má bàa kún. Omi á di ìlọ́po méjì, á fọ táǹkì nù. Ẹ̀yin tí ẹ ti so ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u. Ẹ má sì da epo tí ẹ fi dín àkàrà tàbí ẹran sí ojú ìfọbọ́. Ó ń dì bí ọṣẹ nínú páìpù, òun àti àkísà ló ń pa pọ́ǹpù.

Àwọn ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbépòó àtijọ́, tún wà. Ohun tí wọ́n ń gbé lágbára gan-an, nítorí ó ti jókòó fún ọdún púpọ̀: BOD rẹ̀ lè tó 5,000. Ọkọ̀ kan tó gbé lítà 10,000 ti gbé kìlógíráàmù 50, èyí tó jẹ́ ti ènìyàn tó lé ní 1,000 fún odindi ọjọ́ kan. Bí awakọ̀ bá já a sínú mánhóòlù ẹ́sítéètì ní ọ̀gànjọ́ òru ní ìṣẹ́jú 15, ó ti fi ìdọ̀tí odindi ọjọ́ kan ti 1,000 ènìyàn há àwọn kòkòrò náà lọ́fun. Bó bá sì já a sí kánàà tàbí ọ̀sà, ẹ ti mọ ìyókù. Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ yìí burú ju ọmọ ènìyàn lọ. Ibi tí wọ́n lè já a sí kò sí nítòsí, dísù wọ́n, ojú ọ̀nà sì dí. Kí wọ́n ṣe kòtò ìgbàwọlé sí ilé ìfọ omi kọ̀ọ̀kan tó tóbi tó, kí wọ́n máa jẹ́ kó kán díẹ̀díẹ̀ wọlé fún wákàtí 24, kí wọ́n má gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ó sàn ju kí ìlú máa náwó sí ìtọ́jú àrùn onígbáméjì lọ, bíi ti oṣù kẹfà 2024 ní Èkó.

Àwọn kan rò pé kílórínì lè gbà wá. Kò lè gbà wá. Ìdọ̀tí àti amóníà inú omi tí kò mọ́ ń jẹ kílórínì tán kó tó dé ara kòkòrò àrùn, èyí tó bá sì ṣẹ́kù ń pa ẹja. Lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́ ni kílórínì wúlò.

Èkó ní àwọn ilé ìfọ omi tó ti pẹ́: Abẹ́sàn, Òkè-Àfà, Ìpọ́nrí, Aláúsá, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Lára àwọn ẹ́sítéètì tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ láàrin 1979 sí 1983 ni Abẹ́sàn àti Òkè-Àfà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan nínú wọn fi dákẹ́ kí wọ́n tó tún wọn ṣe. Kọnkéré wọn kò wó. Iná, pọ́ǹpù àti owó ìtọ́jú ló wó.

Fún àwọn ìlú tó wà lókè, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà, kò sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ra ìyọnu yìí. Adágún ni kí wọ́n gbẹ́. Èkíní jinlẹ̀ tó mítà 3 sí 4, kò ní afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí ń rọlẹ̀ níbẹ̀, á sì lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Èkejì jinlẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀, ewédò aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ló ń fi oòrùn ṣe ọ́síjìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jinlẹ̀ tó mítà kan, oòrùn ló ń pa kòkòrò àrùn níbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan omi wọn máa ń dà bí omi eérú, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí ó jọ omi eérú, á lé ní 9, èyí tí kòkòrò ìgbẹ́ kò lè fara dà. Ẹyin aràn á ti rọlẹ̀ kó tó dé òpin. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò: òṣùwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ ní 1989 ni pé kí ẹyin aràn má ju ẹyọ kan lọ nínú lítà kan fún ohun tí a ń jẹ ní tútù. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí dísù.

Ṣùgbọ́n adágún náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹnì kan ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó tó lítà 40 sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún. 10,000 ènìyàn á fi lítà 400,000 sílẹ̀. Tí ó bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta adágún èkíní, dandan ni kí wọ́n kó o. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní adágún bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fúnra wọn sì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2005 tó fi hàn pé omi tó ń jáde níbẹ̀ ń kó bá odò kékeré tó ń gbà á. Ìwà akin ni kí ilé ẹ̀kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, kó sì tẹ̀ ẹ́ síta. Irú rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ìlú máa ṣe.

Odò kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ohun tí Abẹ́òkúta bá dà sódò Ògùn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, Àkúté sì wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fa omi tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adìyàn ń fọ̀ fún Èkó. Ohun tí àwọn ìlú òkè bá dà sódò Ọ̀ṣun ń lọ sí Asẹ̀jìrẹ́, tí Ìbàdàn ń mu.

Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò lè yẹ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹ lọ ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kí oòrùn tó là, nítorí ìgbà yẹn ni ọ́síjìn kéré jù. Ẹ bu omi sínú ìgò funfun lókè ibi tí páìpù ti ń wọ odò, ẹ tún bu òmíràn ní bíi 100 mítà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ gbóòórùn wọn, ẹ má fẹnu kàn wọ́n. Ẹ wo ara òkúta: bí nǹkan eléérú tó rí bí òwú bá so mọ́ ọn, oúnjẹ ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ wo ẹrẹ̀: bí ekòló pupa tín-ín-rín bá kún ibẹ̀ tí kò sí kòkòrò omi mìíràn, ọ́síjìn kò sí. Bí ẹ bá rí oògùn aláró tí wọ́n ń pè ní methylene blue ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ẹ kán an díẹ̀ sínú ìgò tí omi kún dẹ́nu, ẹ dé e pa. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá parẹ́ lọ́jọ́ kan, omi náà kò tíì mọ́. Bí ó bá dúró fún ọjọ́ 5, wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Òfin kò sàìsí. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ti gbé ìlànà jáde ní 2011 lórí bí a ṣe ní láti dáàbò bo omi ojú ilẹ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa ni kí wọ́n gbé pátákó kan sí ẹnu páìpù ìkẹyìn gbogbo ilé ìfọ omi, ti ìjọba àti ti aládàáni, lójú ibi tí ará ìlú lè dé. Kí wọ́n kọ BOD, èérí tí kò yòrò, amóníà, àti wákàtí tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fi ṣiṣẹ́ sí i lóṣooṣù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ẹ́sítéètì tuntun kankan títí ẹni tó ń kọ́ ọ yóò fi wọn odò ibẹ̀ ní oṣù kejì ọdún, tí yóò sì fi ibi tí owó iná ọdún 10 ti máa wá hàn. Ẹ̀yin oníròyìn náà, ẹ rán akọ̀ròyìn yín padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n bá ti ṣí i, kí ó béèrè fún ìwé ìgò ìṣẹ́jú 30.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ìdọ̀tí kan,
Ìsọlọ̀, Èkó.